Igi, Bàbà àti Ìgbóná: Ohun tí Dublin àti Okitipupa Jọ Mọ̀



Àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ni a fẹ́ fi sọ ìtàn kan fún yín lónìí. Ìtàn náà jẹ mọ́ igi àti irin, ó jẹ mọ́ ọtí, ó sì jẹ mọ́ òfin, ṣùgbọ́n ìgbóná ni gbòǹgbò rẹ̀.

Nínú àwọn ilé wa ní Dublin níbí, rédíétọ̀ ń bẹ lára ògiri. Bí òtútù oṣù kìíní bá dé, ara rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń sá tọ̀. Omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ inú ilé ń gba ìgbóná lára rẹ̀, síbẹ̀ omi àti afẹ́fẹ́ náà kò fojú kan ara wọn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní apààrọ̀ ìgbóná. Ohun gbígbóná wà ní apá kan, ohun tútù wà ní apá kejì, irin tín-ín-rín ló pààlà sáàárín wọn. Èyí tó gbóná ń tutù, èyí tó tutù ń gbóná.

Bí a bá bi àwọn ọmọ wa pé ta ló ni irú ọgbọ́n yìí, kíá ni wọn yóò dáhùn pé òyìnbó ni. Ìdáhùn yìí ló mú wa gbé kálámù. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́.

Iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ bàbà

Lóde òní, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá apààrọ̀ ìgbóná tó fúyẹ́ fún mọ́tò àti ọkọ̀ òfurufú, nítorí irin nìkan wúwo jù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń so irin pọ̀ mọ́ ohun àpòpọ̀. Ohun àpòpọ̀ ni ohun tí a fi fọ́nrán líle sínú ohun mìíràn tó dì í mú, bí àwọn baba wa ṣe ń po koríko mọ́ amọ̀ kí ògiri má baà sán. Ti òde òní ni fọ́nrán gíláàsì tàbí fọ́nrán kábọ́ọ̀nù nínú ike. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú gbogbo ẹ̀dá, ìyẹn ni igi. Ẹ la igi sí méjì, ẹ ó rí fọ́nrán rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò gbọọrọ, tí ohun kan bí àtè sì so wọ́n mọ́ra.

Bàbà ń jẹ́ kí ìgbóná kọjá ní ìlọ́po tó ju 1,000 lọ bí a bá fi wé igi. Nítorí náà, ibi tí a bá fẹ́ kí ìgbóná gbà, bàbà ni a ó fi síbẹ̀. Ibi tí a bá fẹ́ agbára láìsí ìwúwo, tí a kò sì fẹ́ kí ìgbóná gbà, igi ni. Ohun tí bàbà kò lè ṣe, igi ń ṣe é. Ohun tí igi kò lè ṣe, bàbà ń ṣe é. Àwọn wo ló ti ń lo òfin yìí tipẹ́tipẹ́? Àwọn tí ń se ọtí ni.

Ekòló inú àgbá

Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ògidì ọtí ń hó ní nǹkan bíi 78. Nítorí náà, bí a bá gbé ẹmu tó ti kan kaná, ọtí ló ń tètè di oru ju omi lọ. Bí a bá rí oru náà mú, tí a sì mú un tutù, ó di ọtí líle. Ẹnikẹ́ni tó ní ìkòkò àti iná lè se ẹmu. Ibi tí a ti ń mú oru tutù ni ọgbọ́n wà.

Ní Írẹ́lándì, àwọn ará oko ń se ọtí kan tí wọ́n ń pè ní poitín láti ara ọkà bálì, àwọn mìíràn sì ń lo ànàmọ́ òyìnbó. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìkòkò kékeré. Wọ́n á ká ọ̀pá bàbà bí ejò tó sùn, wọ́n á rì í sínú àgbá igi tó kún fún omi tútù. Ekòló ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀pá náà. Oru á gba inú ekòló bàbà kọjá, á fi ìgbóná rẹ̀ sílẹ̀ fún omi inú àgbá, ọtí á sì máa kán tó, tó, tó nísàlẹ̀.

Ẹ wo bí ohun méjèèjì ṣe pín iṣẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé bàbà ni gbogbo rẹ̀, tálákà kò lè rà á, kò sì lè gbé e sá bí àwọn agbowó-orí bá yọ lókèèrè. Bí ó bá jẹ́ pé igi ni gbogbo rẹ̀, oru kò ní tutù. Àwọn ará oko yìí nílò ẹ̀rọ tó fúyẹ́, nítorí pé sísá wà nínú iṣẹ́ wọn. Láti ọdún 1661 ni ìjọba ti gbé owó orí lé ọtí sísè ní Írẹ́lándì, ẹni tí kò bá san án sì di arúfin. Nígbà tó di ọdún 1783, wọ́n ṣe òfin pé bí wọ́n bá rí ẹ̀rọ poitín ní abúlé kan, gbogbo abúlé náà ni yóò san owó ìtanràn. Ẹni tó sè é àti ẹni tí kò sè é yóò jọ san án ni.

Agbowó-orí tó di oníṣẹ́ ẹ̀rọ

Ọ̀kan nínú àwọn agbowó-orí náà ni Aeneas Coffey. Ní ọdún 1810, ní Culdaff ní agbègbè Donegal, àwọn ará ibẹ̀ dojú kọ ọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fọ́ egungun orí rẹ̀, wọ́n sì gún un lọ́bẹ ìbọn. Kò kú. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì di ọ̀gá pátápátá lórí owó orí ọtí ní gbogbo Írẹ́lándì ní ọdún 1818. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, ojú rẹ̀ rí oríṣìíríṣìí ẹ̀rọ tí a fi ń se ọtí, èyí tó bófin mu àti èyí tó wà nínú ihò òkè. Ní ọdún 1824 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, òun náà sì dá ilé ìpọntí sílẹ̀ ní Dublin níbí.

Ní ọdún 1830, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni ẹ̀rọ tuntun kan. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbìyànjú irú rẹ̀. Robert Stein ti Skọ́tlándì ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Coffey ló pé jù. Òpó gíga méjì ni. Pákó ni wọ́n fi kan ara òpó náà, bàbà ni wọ́n fi bo inú rẹ̀, bàbà tí wọ́n lu ihò sí lára ni àwọn àwo tí wọ́n tò sínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà rèé. Nínú ekòló àtijọ́, gbogbo ìgbóná tí oru bá fi sílẹ̀ ló ń bá omi inú àgbá lọ, tí omi náà yóò sì dà nù. Coffey ní kí ló dé tí a ó fi máa fi ìgbóná ṣòfò? Dípò omi lásán, ó fi ẹmu ọkà tútù tó ṣì ń bọ̀ wá hó sínú ọ̀pá bàbà, ó sì ṣe ọ̀pá náà lọ́lọ̀ọ́kọ́lọ̀ gba àárín oru gbígbóná nínú òpó kan. Oru tí ó fẹ́ tutù ló ń ta ẹmu tó fẹ́ gbóná. Nígbà tí ẹmu náà yóò bá fi dé òpó kejì, ó ti fẹ́ẹ̀ hó. Iná tí wọ́n ń dá dín kù, iṣẹ́ kò sì dúró tọ̀sán tòru.

Àwọn ọlọ́tí ńlá Dublin, àwọn bíi Jameson, Power àti Roe, kò gba ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní ọtí rẹ̀ kò ládùn tó ti ìkòkò. Ní ìparí àwọn ọdún 1870, wọ́n tilẹ̀ parapọ̀ tẹ ìwé kan jáde láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn ará Skọ́tlándì ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ń pò ọtí rẹ̀ mọ́ ti ìkòkò, wọ́n sì fi ta wisikí wọn káàkiri ayé. Ohun mìíràn tún ba òwò àwọn ará Írẹ́lándì jẹ́ lẹ́yìn náà, bíi òfin tí Amẹ́ríkà fi de ọtí láti ọdún 1920 sí 1933. Síbẹ̀, ará Dublin ló ṣe ẹ̀rọ náà, ará ibòmíràn ló jèrè rẹ̀.

Ẹ̀rọ Coffey onígi kò tíì tán láyé. Ọ̀kan wà ní orílẹ̀-èdè Guyana, ní ilé ìpọntí Diamond. Ọdún 1880 ni wọ́n ṣe é, pákó igi líle ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sì fi kàn án. Àwa Yorùbá náà ní ẹ̀jẹ̀ ní Guyana. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí níbẹ̀ ní ọdún 1838, wọ́n kó lára àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú láti Sàró lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé

Ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Àpọ́ì wá, ẹ mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Bí a bá dárúkọ Okitipupa, ògógóró ló ń sọ sí àwọn ẹlòmíràn lọ́kàn. Wọ́n á dá ògùrọ̀ tàbí ẹmu ọ̀pẹ jọ, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á dáná sí i. Láti orí dúrọ́ọ̀mù ni páìpù irin tàbí ti bàbà yóò ti gba inú ọpọ́n igi gígùn tó kún fún omi kọjá. Nígbà mìíràn ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni wọ́n fi ń ṣe ọpọ́n náà. Ní ìpẹ̀kun páìpù, ọtí á máa kán sínú ìgò: tó, tó, tó.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí ni ìyàtọ̀ èyí sí ti Donegal? Irin níbi tí ìgbóná yóò gbà, igi níbi tí omi yóò jókòó sí. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, a sì lè gbé e sá.

A kò sọ pé àwọn baba wa ló dá sísè ọtí sílẹ̀. Àwọn tó rìn jìnnà ló kó o wálé. Ní Dahomey, tí a ń pè ní Benin báyìí, ìtàn sọ pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sodabi, tó bá Faransé jagun nínú ogun àgbáyé kìíní, ló mú ọgbọ́n náà bọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọtí náà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọkọ̀ ojú omi tó gbó, tó wòye pé yóò dára láti fi mú oru tutù, onímọ̀ ẹ̀rọ ni, bí kò tilẹ̀ ka ìwé kankan.

Òfin ni kò jẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Apá ńlá nínú owó tí ìjọba amúnisìn ń rí ní gúúsù Nàìjíríà ló ń wá láti orí ọtí tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè òkun. Ní ọdún 1919, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé pé kí ọtí olówó pọ́ọ́kú má wọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Jíìnì tó ṣẹ́kù gbówó lórí. Nígbà tí ọ̀dá owó àgbáyé dé ní àwọn ọdún 1930, owó epo pupa àti ẹkùrọ́ já wálẹ̀, agbára àwọn ènìyàn wa kò ká jíìnì òyìnbó mọ́. Ìgbà náà ni ògógóró gbilẹ̀. Ìjọba ní ọtí àìtọ́ ni, ó ń pa ènìyàn. Ó ń pa owó ibodè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò hàn lẹ́nu wọn. Ọlọ́pàá fọ́ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n da ọtí sínú odò, wọ́n kó bàbá àti ìyá lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá bi àwọn ará Donegal, wọn á ní irú ìtàn yìí kan náà lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀nà ti pín

Níbí ni ìtàn méjèèjì ti yà. Ní ọdún 1997, ìjọba Írẹ́lándì gbà pé kí wọ́n máa ta poitín ní gbangba nílé. Ní ọdún 2008, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù dáàbò bo orúkọ rẹ̀, pé ohun tí kò bá ti Írẹ́lándì wá kò gbọdọ̀ jẹ́ poitín. Ohun tí wọ́n fi ń lu ènìyàn tẹ́lẹ̀ wá di ogún ìran. Àyẹ̀wò ń dé bá a, àkọlé wà lára ìgò rẹ̀, ẹni tó bá mu ún mọ ohun tó mu.

Nílé ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú àwọn ènìyàn ń fọ́, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Ìwádìí fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Mẹ́tánọ́ọ̀lù jọ ọtí lójú àti lóòórùn, ṣùgbọ́n májèlé ni. Kò pẹ́ sí i, irú rẹ̀ tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba sì tún fòfin de ògógóró lọ́dún náà. Ohun tó dùn wá jù ni pé ọgbọ́n tí a lé wọ inú igbó kò ní ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin nìkan kò lè mú májèlé kúrò nínú ìgò. Ìmọ̀ àti àyẹ̀wò ló lè ṣe é.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà lára irin fúnra rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn tí ń se ọtí ní bòókẹ́lẹ́ sọ rédíétọ̀ mọ́tò àlòkù di ekòló. Òjé ni wọ́n fi jó àwọn rédíétọ̀ ìgbà náà pọ̀. Òjé yìí bọ́ sínú ọtí, ó sì sọ àwọn tó mu ún di aláìsàn. Ẹ̀rọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó dára fún omi mọ́tò kò dára fún ọ̀fun ènìyàn.

Rédíétọ̀ mọ́tò

Bí a ti dárúkọ rédíétọ̀ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí a tọ ipa rẹ̀ dé òní. Ẹ̀yin tí ẹ ti wa mọ́tò ní Nàìjíríà láyé àtijọ́ á rántí àwọn tí ń jó rédíétọ̀ lẹ́bàá títì. Bàbà àti idẹ ni rédíétọ̀ nígbà náà. Bí ó bá ń jò, wọ́n á fi òjé dí i, ẹ ó sì máa bá ìrìn àjò yín lọ.

Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣẹ́ mọ́tò ní Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe àárín rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba ìgbóná lọ́wọ́ omi. Ìwúwo alumíníọ̀mù kò ju ìdá mẹ́ta ti bàbà lọ. Àwọn àpótí omi tó wà létí rẹ̀, ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ike tí wọ́n po fọ́nrán gíláàsì mọ́ kí ó lè gba agbára omi gbígbóná. Wọ́n fi rọ́bà sáàárín méjèèjì, wọ́n sì tẹ etí alumíníọ̀mù mọ́ ike náà kí omi má baà jò. Irin níbi tí ìgbóná yóò gbà, ohun àpòpọ̀ níbi tí omi yóò jókòó sí. Àgbá igi àti ekòló bàbà ló tún padà wá, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ike náà bá sán, òjé kò ràn án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jó rédíétọ̀ ló pàdánù iṣẹ́ wọn nítorí èyí, rédíétọ̀ tòkunbọ̀ ló gba ipò wọn.

Àwọn onímọ̀ tí ń fi kábọ́ọ̀nù ṣe é fún ọkọ̀ òfurufú náà ní wàhálà tiwọn. Irin ń wú bí ó bá gbóná, fọ́nrán kábọ́ọ̀nù kì í fẹ́ẹ̀ wú rárá, nítorí náà ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ń fẹ́ ya. Bí kábọ́ọ̀nù bá sì fara kan alumíníọ̀mù níbi tí ọ̀rinrin wà, alumíníọ̀mù yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìgbéyàwó ni, àfi kí alárenà wà láàárín wọn.

Tallaght

Ní Dublin tiwa níbí, láti ọdún 2023, ìgbóná tí àwọn kọ̀ǹpútà Amazon ń tú jáde ní Tallaght kò lọ sínú afẹ́fẹ́ lásán mọ́. Wọ́n ń gbà á sínú omi, wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú un gbóná sí i, wọ́n sì ń fi páìpù gbé e lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ gíga TU Dublin tó wà níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ tutù ń ta ohun tó fẹ́ gbóná. Coffey ìbá rí i, ìbá rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ wa wà nínú ilé ẹ̀kọ́ tí ìgbóná náà ń dé. Àwọn kan nínú wọn ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí olùkọ́ bá fa àwòrán apààrọ̀ ìgbóná sára pátákó, a kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ìran àwọn rí i nìyẹn. Ìyá àgbà kan ní Ìgbòkọ̀dá lè ti fi ọwọ́ kan omi inú ọpọ́n igi, kó sì sọ pé ó ti ń gbóná jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn àgbà yín nílé lórí tẹlifóònù kí ọjọ́ tó lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti bèèrè, kí ojú má sì ti àwọn náà láti sọ. Ẹ bi wọ́n irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọpọ́n, bí páìpù ṣe gùn tó, ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ọtí ti jinná, àti ẹni tó kọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Írẹ́lándì kò jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n pa ìtàn poitín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa jẹ́ kí tiwa kú sínú ìtìjú.

Ire o.